Orin Ìyan Àwọn Bẹ́ǹdì Àtijọ́ àti Ìwé Wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Bí a bá dárúkọ bẹ́ǹdì ní Ìjerò, ní Àrámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tàbí ní Òkè-Mẹ̀sí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ènìyàn ni ìsìnkú àgbà. Bẹ́ǹdì ni ó ń ṣáájú òkú láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni ó sì ń ṣáájú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí. Bí wọ́n bá ń lọ, orin a wúwo, ẹsẹ̀ a sì máa falẹ̀. Bí wọ́n bá ti sin òkú tán tí wọ́n ń padà bọ̀, ìlù a yí padà, àwọn ọmọ olóògbé a ká etí aṣọ sókè, wọn a sì jó títí wọn yóò fi dé ẹnu ọ̀nà baba wọn. Ẹni tí ó bá wo ojú àwọn afọnfèrè nígbà náà yóò rí i pé àwọn àgbà inú wọn kì í wo ibì kan. Orí wọn ni orin wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú orí ni púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìwé náà ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí.

Ìwé bẹ́ǹdì kò jọ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rọ̀, ó ní nọ́ńbà, odidi orin sì wà lójú ewé kan. Ìwé orin ìyan jẹ́ páálí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan há mọ́ ara fèrè kí afọnfèrè lè máa kà á bí ó ti ń yan lọ. Ohun tí ó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan kì í ṣe odidi orin; ìpín ẹnì kan ṣoṣo nínú orin ni. Kọ́nẹ́ẹ̀tì kìíní ní tirẹ̀, kọ́nẹ́ẹ̀tì kejì ní tirẹ̀, tẹ́nọ̀ họ́ọ̀nù, yufóníọ́ọ̀mù, tírọ́mbóònù, fèrè báàsì àti onílù, oníkálukú pẹ̀lú páálí tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí ó pé, irú páálí bẹ́ẹ̀ lè tó ogún fún orin kan péré. Ọ̀gá bẹ́ǹdì pàápàá kì í sábà ní odidi orin lọ́wọ́, nítorí pé ìwé tí àwọn tí ó ń tẹ orin ìyan ń ṣe fún ọ̀gá kì í sábà ju apá kọ́nẹ́ẹ̀tì aṣáájú lọ, pẹ̀lú àmì díẹ̀ tí ó ń fi hàn ibi tí àwọn yòókù yóò ti wọlé. Nítorí náà bí páálí mẹ́ta bá sọnù nínú ogún, orin náà kò tíì kú, ṣùgbọ́n ó ti di arọ.

Fífọn fèrè kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Èkìtì. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń fọn ìpè àti upè níwájú ọba. Fèrè náà a máa sọ̀rọ̀, a máa ki ọba, nítorí pé èdè olóhùn ni èdè wa, ohun tí ó bá sì lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde lè fọ èdè náà. Fèrè idẹ tí òyìnbó ni àlejò, àwọn ọmọ ogun sì ni wọ́n ṣe bẹbẹ nínú mímú un wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1870, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Àṣáńtì jà, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ láti àwọn erékùṣù Karíbíánì wá sí Cape Coast àti Elmina, ní orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí. Lẹ́nu iṣẹ́, orin ìyan òyìnbó ni bẹ́ǹdì wọn ń fọn. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, wọn a fọn orin ilé tiwọn. Àwọn ọmọ Fante gbọ́, wọ́n rí i pé adúláwọ̀ bíi tàwọn lè fi fèrè òyìnbó fọn orin ara rẹ̀, wọ́n sì dá irú tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní adaha. Ibi tí owó kò bá ti ká fèrè, ìlù àti ohùn ẹnu ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹdì, wọ́n sì pè é ní konkoma. Konkoma yìí rìn dé ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1930 sí 1950, ipa rẹ̀ sì hàn nínú orin jùjú.

Ọ̀nà mìíràn tí fèrè idẹ gbà wọlé ni ìjọ àti ilé-ìwé. Boys' Brigade, tí William Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883, dé Nàìjíríà ní 1908. Salvation Army, tí kì í dé ibì kan kí ó má gbé fèrè idẹ dé ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1920. Ní ti ilé-ìwé, àwọn tí wọ́n ti dàgbà yóò rántí Ẹ́ḿpáyà Dè, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi aṣọ funfun yan kọjá níwájú Ajẹ́lẹ̀. Òyìnbó ti lọ, ìyan kò lọ. Ọjọ́ àwọn ọmọdé, tí í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún kan náà, ni ó jogún rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, iye ẹsẹ̀ tí ó ń yan pọ̀ sí i lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Owó kòkó ń wọlé, ṣọ́ọ̀ṣì ń ga, ilé-ìwé ń pọ̀. Láti inú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni àwọn afọnfèrè ti jáde tí gbogbo orílẹ̀-èdè wá mọ̀. Victor Ọláìyá, tí ó fi tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì sọ orin háíláìfù di àrímáleèlọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Calabar ni wọ́n ti bí i ní 1930; ó ṣaláìsí ní 2020.

Nígbà tí a bá wá ṣí àpótí ọ̀gá bẹ́ǹdì kan tí ó ti darúgbó, irú ìwé méjì ni ó yẹ kí ojú wa máa wá. Ìkíní ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun: orin ìyan Kenneth Alford tí wọ́n ń pè ní Colonel Bogey, tí ó jáde ní 1914, orin John Philip Sousa ará Amẹ́ríkà, bíi The Washington Post ti 1889 àti The Stars and Stripes Forever ti 1896, orin Carl Teike ará Jámánì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Old Comrades. Ìwé wọ̀nyí lẹ́wà, òǹtẹ̀ wọn sì gbayì. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò fẹ́ kọ́kọ́ dì wọ́n mọ́ra. Àṣìṣe ni. Orin wọ̀nyí kò lè sọnù mọ́. Ilé ìkàwé pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà tí wọ́n wà, àti pé láti 2006 ni ibi ìkówèéorinpamọ́ kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IMSLP, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wa púpọ̀ nínú wọn láìsan kọ́bọ̀. Bí ikán bá jẹ Colonel Bogey ní Àrámọkọ, òmíràn wà.

Irú kejì ni èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Inú ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ni ó wà, tàbí lẹ́yìn páálí orin òyìnbó kan náà, tàbí lórí ìwé tí wọ́n fi stencil ṣe, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń pòórá. Nínú irú èyí ni orin ìyìn ìjọ wa wà bí ọ̀gá bẹ́ǹdì ìlú kan ti tò ó fún iye fèrè tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní, orin ìsìnkú tí a fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọ, orin tí wọ́n ṣe fún ìwúyè ọba tàbí fún ṣíṣí ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ni a fi àmì dò-rè-mí kọ, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní tonic sol-fa, nítorí pé ohun tí olùkọ́ ilé-ìwé àti adarí akọrin mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀dà irú orin bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ẹyọ kan lọ ní gbogbo ayé. Bí ikán bá jẹ ẹ́, ó tán.

Ìdí kan tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn olùkọ́ èdè lára, kì í ṣe olùkọ́ orin nìkan, ni èyí. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ olùtẹ-dùùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, pé ohùn orin kò gbọdọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ jà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin òyìnbó tí a kò yí padà: ọkọ a di ọkọ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́. Ẹni tí ó bá ń tò orin fún bẹ́ǹdì ìlú kò lè gbójú fo èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrè kò pe ọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń tẹ̀lé bẹ́ǹdì lẹ́yìn mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń kọ ọ́ lẹ́nu.

Níbi tí ọ̀rọ̀ sì wà, ọ̀rọ̀ ni èèkàn tí a so ohùn orin mọ́. Bí afọnfèrè bá gbàgbé ohùn orin, ọ̀rọ̀ orin yóò rán an létí, nítorí pé gíga àti sísàlẹ̀ ohùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ lè dì mú báyìí, apá náà ni ti aṣáájú. Kọ́nẹ́ẹ̀tì kejì, tẹ́nọ̀ họ́ọ̀nù àti àwọn fèrè àárín kì í tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti dúró lábẹ́ aṣáájú, láti kún inú orin, kí ó má baà ṣófo. Apá wọn kò ní ọ̀rọ̀, nítorí náà kò ní èèkàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó dì í mú ni ìwé. Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀nà tí orin bẹ́ǹdì fi ń kú yé ọ̀pọ̀ ènìyàn: kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti àárín ni ó ti ń kú. Aṣáájú ṣì ń dún, báàsì ṣì ń dún, ìlù ń dún kíkankíkan, àwọn ènìyàn ń jó, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé inú orin náà ti jẹrà.

Àwọn kan yóò sọ pé asán ni gbogbo àníyàn yìí. Wọ́n á ní ìgbà wo ni onídùndún ka ìwé kí ó tó lù? Ṣé oríkì tí ó ti wà láti ayébáyé, orí ìwé ni ó wà ni? Ìbéèrè tí ó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Ọmọ Àyàn kò nílò ìwé nítorí pé ilé ni ìwé rẹ̀. Wọ́n bí i sínú ìlù. Kí ó tó lè rìn dáadáa ni ó ti ń jókòó ti baba rẹ̀. Ó di ọmọ ọdún díẹ̀, wọ́n fi gúdúgúdú lé e lọ́wọ́. Ó ń dàgbà, ó ń bọ́ láti orí ìlù kan sí òmíràn, títí yóò fi kan ìyá ìlù. Bí baba bá kú, ọmọ ń bẹ, bí ọmọ kò bá sí, ọmọ àbúrò ń bẹ. Bẹ́ǹdì kò ní irú agbo ilé bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ìdílé. Olùkọ́ ni aṣáájú rẹ̀, télọ̀ ni onífèrè báàsì, àgbẹ̀ ni onílù, ọmọ ilé-ìwé tí yóò lọ sí Èkó lọ́dún tí ń bọ̀ ni kọ́nẹ́ẹ̀tì kejì. Bí ọmọ náà bá lọ, ìwé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. A kò lè mú ìwé kúrò nínú bẹ́ǹdì kí a sì máa retí pé kí etí ṣe iṣẹ́ tí ìdílé ń ṣe fún onílù.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò jìnnà. Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ pa orin orílẹ̀-èdè tí a fi gba òmìnira tì, wọ́n sì mú òmíràn, tí Benedict Odiase, ọ̀gá bẹ́ǹdì àwọn Ọlọ́pàá, ṣe ohùn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún 46, wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹ jẹ́ kí a ro afọnfèrè tí wọ́n bí ní 1985. Ohùn aṣáájú, ìyá rẹ̀ lè kọ ọ́ fún un ní ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò kọ apá tẹ́nọ̀ họ́ọ̀nù fún ọmọ?

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò tó fún wa. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Calabar Brass Band tí ó wà ní Èkó ṣe àwo, a sì dúpẹ́ pé àwo wọ̀nyí wà, nítorí pé wọ́n jẹ́ kí a mọ bí bẹ́ǹdì Èkó ti ń lọ ní ayé ìgbà náà. Bí a bá gbé etí lé irú àwo bẹ́ẹ̀, a óò gbọ́ aṣáájú, a óò gbọ́ ìlù. Àwọn tí ó wà láàárín a wọnú ara wọn bí omi tí a bù mọ́ omi.

Ọ̀nà tí ìwé wọ̀nyí ń gbà sọnù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá bẹ́ǹdì kú. Àwọn ọmọ dé láti Èkó àti láti ìlú òyìnbó, wọ́n ṣe ìsìnkú tí ó lárinrin, bẹ́ǹdì tí baba wọn kọ́ ni ó sì fọn fèrè níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ wọ́n pín ogún. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín oko kòkó, fèrè baba pàápàá rí ẹni mú un nítorí pé idẹ ni, ó ń dán, owó ni. Ó ku àpótí. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí ìwé tí eku ti jẹ létí, wọ́n sì ní kí ọmọ kan gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí kò bá bá iná lọ, yóò dé ọ̀dọ̀ alákàrà. Kò sí ìwà ìkà kan nínú èyí. Àwọn ọmọ náà kò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí, bàbá kò sì sọ fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, àwa tí a ń kọ́ni ni kí ó bá wí, nítorí pé láti ọdún yìí wá a ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ìjálá, ẹkún ìyàwó àti oríkì sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí bẹ́ǹdì bá ń kọjá lójú títì, a ó ní ti òyìnbó nìyẹn. Lítíréṣọ̀ tí ó bá wọ kóòtù òyìnbó kì í ṣe ọmọ wa mọ́ lójú wa.

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Òkìkí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbo ilé Adéṣínà ti kan ká ayé nítorí òpó tí wọ́n gbẹ́. Igi ni òpó, ikán fẹ́ràn igi bí ó ti fẹ́ràn ìwé, síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n ya àwòrán iṣẹ́ náà, tí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ ohùn sínú ìwé ní ìlú kan náà kò tíì rí ẹni tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a má ṣe ìwé náà léṣe pẹ̀lú ìfẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé tí ó ya, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sẹ́lótéèpù a pọ́n, a sì jẹ ìwé. Àwọn mìíràn a fi ọ̀rá gbígbóná bò ó bí ẹni ń ṣe káàdì ìdánimọ̀. Ìwé tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ṣe é tú mọ́ láéláé. Kí a má sá a sí oòrùn. Kí a má da kẹrosíìnì sí àpótí rẹ̀ nítorí kòkòrò. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ ni kí a fi gbọn erùpẹ̀ rẹ̀, kí a tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja láìká a, kí a yọ píìnì àti irin tí ó ti dípẹtà kúrò lára rẹ̀, kí a sì gbé àpótí rẹ̀ kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri, nítorí pé ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè.

Lẹ́yìn èyí ni àwòrán. Fóònù tí ó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lónìí tó iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ̀bá fèrèsé ní ọ̀sán ni kí a ti yà á, kì í ṣe pẹ̀lú iná tí ń kọ mànà. Iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan ewé tí a rò pé òfìfo ni, nítorí pé ẹ̀yìn ìwé ni orúkọ àwọn afọnfèrè, ọjọ́ ìsìnkú àti iye owó tí wọ́n gbà máa ń wà. Àwòrán tí kò ní orúkọ kò yàtọ̀ sí ìwé tí ó sọnù. Kí a kọ ìlú, ìjọ tàbí ilé-ìwé, orúkọ orin, orúkọ fèrè àti ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ èdè yóò rí ohun tí olórin kò ní rí. Bí ìwé kan bá kọ “aiye,” “enia” àti “nwọn,” a mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti kọ́ ìwé rẹ̀ kí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé. Èyí kò sọ fún wa pé ìwé náà ti wà ṣáájú 1974, nítorí pé àgbà kì í sábà fi àkọtọ́ tí ó kọ́ ní kékeré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rí “ayé,” “ènìyàn” àti “wọ́n,” a lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kò ṣáájú àkókò náà. Àwọn ìtọ́ni tí ọ̀gá kọ sẹ́bàá orin náà yẹ ní àkọsílẹ̀. Níbi tí ìwé òyìnbó yóò ti fi èdè Ítálì sọ pé kí a rọra, bí a bá rí ọ̀gá tí ó fi ẹ̀ka-èdè Ìjerò tàbí ti Ẹ̀fọ̀n sọ ọ́, a ti rí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan.

Títò páálí ọ̀kan-kò-jọ̀kan padà di odidi orin ni iṣẹ́ tí ó le jù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò da àmì gbogbo wọn pọ̀ bí wọ́n ti wà, ohun tí yóò gbọ́ yóò sì dà bí ìjà ọjà. Kọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ fèrè B-flat: dò tí a kọ fún un ń dún ní ohùn kan sí ìsàlẹ̀ dò ti dùùrù. Tẹ́nọ̀ họ́ọ̀nù jẹ́ E-flat, tirẹ̀ tún jìn sí ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí a fi dò-rè-mí kọ ni ó yọ wá nínú wàhálà yìí, nítorí pé dò rẹ̀ kì í dúró sójú kan. A kàn ń kọ kíì sókè ìwé ni, oníkálukú a sì wá dò tirẹ̀. Nǹkan tí àwọn ọ̀mọ̀wé orin kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni dò-rè-mí. Ní ti bẹ́ǹdì ìletò, òun ni ó rọrùn jù láti tún tò.

Bí apá kan kò bá sí, kí a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò ńlá ni fún ẹni tí ó mọ orin láti fi tirẹ̀ dí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó fi yíǹkì mìíràn kọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ olóògbé ni. Nígbà mìíràn, apá tí kò sí nínú ìwé ṣì wà lẹ́nu àgbà kan. Kí a má sọ fún bàbá náà pé kí ó dá nìkan fọn ọ́. Ó lè má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìtìjú yóò sì mú un. Kí a pe méjì mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n fọn ọ́ pọ̀ bí wọ́n ti ń fọn ọ́, kí a sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ bàbá náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé, bí ó bá ti gbọ́ aṣáájú.

Ibi tí a óò kó gbogbo rẹ̀ sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ní Accra, John Collins dá ibi ìkó-orin-pamọ́ kan sílẹ̀ ní 1990 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BAPMAF, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwo, àwòrán àti ìwé nípa orin Gánà jọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, àgbàrá wọlé, ó sì ba apá kan nínú rẹ̀ jẹ́. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dénú, kí ni àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yóò wí? Kí ẹ̀dà kan wà ní ìlú tí orin ti wá, kí òmíràn wà ní ilé ìkàwé yunifásítì, ìbáà ṣe ní Adó-Èkìtì, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà. Ìwé gangan, ọwọ́ ìdílé ni kí ó kù sí bí wọ́n bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ni ó ti ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ nípa yíyá ìwé tí wọn kò dá padà.

Ìyọ̀ǹda pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí ọdún 2022, dá ààbò bo iṣẹ́ orin fún ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹni tí ó ṣe é kú. Bí ọ̀gá bẹ́ǹdì kan bá kú ní 1980, ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ títí di ìparí 2050. Kí a wí fún wọn. Nígbà tí ìdílé bá gbọ́ pé òfin ìjọba ka ohun tí ó wà nínú àpótí sí ogún, wọn kì í sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó má kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá bẹ́ǹdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ ọ̀gá wò. Kí ó béèrè ẹni tí ó fọn tẹ́nọ̀ họ́ọ̀nù nígbà tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tàbí ẹni tí ó fọn kọ́nẹ́ẹ̀tì kejì nígbà tí ọba tí ó wàjà gorí oyè, bí ó bá ṣì wà láàyè. Ó ṣeé ṣe kí páálí rẹ̀ ṣì wà láàárín Bíbélì rẹ̀. Kí olùkọ́ náà mú pẹ́ńsù lọ, kí ó má mú bírò, nítorí pé yíǹkì a máa tàn lára ìwé tí ó ti gbó.